Iná Pupa Tí Mo Ní Kó Má Wò

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méje báyìí tí gbólóhùn kan ti ń tẹ̀ lé mi kiri. Ẹnu èmi fúnra mi ló ti jáde, kò sí ẹni tí mo lè dì í rù. Bí mo bá wà nínú mọ́tò láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ṣàgámù, tí awakọ̀ yí orin sókè, tí béèsì ń gbọn ilẹ̀kùn, gbólóhùn yẹn ni mo ń gbọ́. Bí mo bá jókòó sídìí dùùrù fún ìdánrawò lọ́jọ́bọ̀, òun náà ni. Kò gùn rárá: "Má wo iná yẹn. Áńpù ò tó sípíkà. Yí i sókè."

Àbúrò tó ń ta gìtá béèsì fún wa ni mo sọ ọ́ fún, nínú ìsìn àìsùn kan, nígbà tí aago kan òru ti kọjá. Ó yíjú láti ìdí áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè kí sípíkà tó ké e, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iná pupa yìí ò kú mọ́ o." Èmi tí mo ti ta béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn fún ọdún mọ́kànlá kí n tó bọ́ sídìí dùùrù, tí òun sì ti ọwọ́ mi kọ́ ọ, ni mo dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́ta, sípíkà ti jó.

Òórùn náà

Kóìlì ni wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé sínú sípíkà. Ẹni tó bá gbóòórùn rẹ̀ nígbà tó ń jó lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé rẹ̀ mọ́. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n da fáníìṣì sórí bébà, tí wọ́n wá ṣáná sí i. A kọ́kọ́ rò pé jẹnẹrétọ̀ ni. Ẹnìkan tilẹ̀ ti sáré jáde lọ wò ó. Ìlù ṣì ń dún, orin ṣì ń lọ, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé wọ́n ti ká ilẹ̀ kúrò lábẹ́ orin náà. Iṣẹ́ béèsì nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àfi ìgbà tó bá lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ pè wá jọ. Wọ́n ní ta ló wà nídìí ẹ̀ nígbà tó jó. Mo ní àbúrò ni. Òótọ́ ni mo sọ, mo sì fi òótọ́ yẹn bo èyí tó tóbi jù ú lọ mọ́lẹ̀. Lójú tèmi lọ́jọ́ náà, n kò bo nǹkan kan. Mo gbà tọkàntọkàn pé ó ti ṣe ohun kan tí n kò rí, nítorí pé ìṣirò tó wà lórí mi kò lè já sí iná rárá. Wáàtì ni a fi ń wọn agbára, óòmù ni a fi ń wọn bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Áńpù wa ń mú 300 wáàtì jáde fún sípíkà oní-8 óòmù. Sípíkà wa, 15 íńṣì kan ṣoṣo nínú àpótí rẹ̀, 8 óòmù ni, wọ́n sì kọ 400 wáàtì sí i lẹ́yìn. 300 kò tó 400. Ibo ni ohun tí yóò jó o ti fẹ́ wá?

Wọ́n ní kí ó mú 20,000 náírà wá nínú owó àtúnṣe. Kò jiyàn, kò sì wò mí. Ó pín in sí méjì san, lẹ́yìn náà a kò rí i mọ́ fún ọjọ́ Àìkú mẹ́ta gbáko. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Èmi wà lọ́jà lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ mi gan-an ló tẹ orí ọmọ náà tó fi wọ́.

Lẹ́yìn ọjà Òkè-Àjẹ́

Èmi ni wọ́n rán pé kí n gbé sípíkà náà lọ tún ṣe. Bàbá kan wà lẹ́yìn ọjà Òkè-Àjẹ́ tó jẹ́ pé kóìlì sípíkà ló ń wé láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, pépà sípíkà sì kún ara ògiri rẹ̀ bí àwo tí wọ́n sá. Ó tú sípíkà wa kúrò nínú àpótí, ó gbé e ka orí itan, ó fi ìka mẹ́rin tẹ pépà rẹ̀. Ó yẹ kí pépà náà wọlé kó jáde láìsí ariwo. Tiwa ń ha, bí ìgbà tí èèyàn ń ha ìdí ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ tó jóná.

Ó fi mítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò kàn án, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò mira. Ó mú sípíkà mìíràn tó yè, oní-8 óòmù, ó kàn án, abẹ́rẹ́ dúró síbi bíi 6. Ó rí i lójú mi pé mo fẹ́ béèrè, ó ní, "Wáyà nìkan ni mítà ń kà. Mẹ́jọ tí wọ́n kọ sí i, ti ìgbà tí orin bá ń gba inú ẹ̀ kọjá ni." Lẹ́yìn náà ló mú abẹ, ó gé ọmọrí àárín pépà, ó fa kóìlì jáde. Ó ti dúdú kirikiri. Ibì kan lára rẹ̀ ti tú, wáyà sì ń já bọ́ bí òwú. Etí rẹ̀ ìsàlẹ̀ ti rún, bí ohun tó ti ń fi orí gbá irin tipẹ́.

"Áńpù wáàtì mélòó?"

"300, sà. Sípíkà gan-an, 400 ni."

"Iná pupa ń tàn?"

N kò dáhùn.

"Mo ní ṣé iná pupa ń tàn?"

"Ó ń tàn, sà."

"Ó tàn pẹ́ tó?"

"Á ju wákàtí kan lọ, sà."

"Ta ló ní kó máa tàn?"

Mo fẹ́ sọ pé ọmọ kan ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo wo kóìlì dúdú tó wà lọ́wọ́ bàbá yẹn, mo ní, "Èmi ni, sà." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n ó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá náà kò bá mi wí. Ó fa páálí kan mọ́ra, ó mú bírò.

Ó ya òkè kan, ó ya kòtò kan, òkè, kòtò, gbogbo rẹ̀ ń wọ́ lọ bí ejò. Ó ní bí ohùn béèsì ṣe ń ti inú gìtá bọ̀ nìyẹn. Ó fa ìlà gbọọrọ kan lókè, ó fa òmíràn nísàlẹ̀. "Ibi tí agbára áńpù rẹ mọ rèé. Bí o bá ń ta á láàárín ìlà méjèèjì yìí, kò séwu. Bí o bá wá ní kó kọjá ibẹ̀, kò lè kọjá. Orí òkè yẹn ló máa gé." Ó ya òmíràn sábẹ́ rẹ̀, èyí tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí pèpéle. "Òkè tó ṣe ṣóńṣó, agbára rẹ̀ á dé, á lọ. Èyí tó tẹ́ yìí, agbára rẹ̀ á dé, á jókòó. Orí kóìlì ló sì ń jókòó sí. Ohun tí iná pupa ń sọ fún ọ nìyẹn, ọmọ mi: ó ti ń gé e."

Mo wo páálí náà pẹ́. Gbogbo ọjọ́ tí mo ti ń fọwọ́ kan áńpù, mo rò pé iná pupa ń sọ pé agbára ti tán nínú áńpù, pé kò sí ibi tó tún lè dé mọ́, nítorí náà kò sí ohun tó lè bà jẹ́. N kò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó ṣe ìṣirò tó yẹ kí n ti ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. 300 wáàtì tí wọ́n kọ sára áńpù, ti òkè tó ṣe ṣóńṣó ni, èyí tí a kò gé. Bí a bá gé e títí tó fi tẹ́ pẹrẹsẹ tán, ní gíga kan náà, agbára tó wà nínú rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Áńpù 300 wáàtì tí a tì kọjá ààlà lè máa sún mọ́ 600. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn 300 yẹn ti fo 400 tí mo gbójú lé.

Kò tán síbẹ̀. Bí a bá rọra ta béèsì, ohùn á fò sókè nígbà tí ìka fa okùn, á wá máa rọlẹ̀ títí ìka yóò fi fa òmíràn. Nínú rírọlẹ̀ yẹn ni kóìlì ti ń mí. Nítorí náà, béèsì tó mọ́ kì í fi gbogbo ìgbà gba 300 wáàtì lọ́wọ́ áńpù. Ìwọ̀nba ló ń gbà láàárín ohùn kan sí ìkejì. Ṣùgbọ́n bí a bá tì í kọjá ààlà, ohùn tó yẹ kó ti rọlẹ̀ á ṣì wà lókè, àyè àtimí á sì pòórá. Bẹ́ẹ̀ sípíkà kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń fi gbogbo iná ṣe ohùn. Nínú 100 wáàtì tó bá wọ inú rẹ̀, èyí tó ń di ohùn kì í sábà ju 5 lọ. Ooru ni gbogbo ìyókù, wáyà tín-ín-rín yẹn àti gọ́ọ̀mù tó dì í mú ló sì ń gbà á sára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Bí kópà bá gbóná, ó túbọ̀ ń dí iná lọ́nà. Bí kóìlì bá fi 100 ìwọ̀n Celsius gbóná ju bó ṣe wà lọ, bó ṣe ń dí iná lọ́nà á fi nǹkan bíi 39 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Iná tó ń wọ̀ ọ́ á dín kù, ohùn rẹ̀ á sì máa rẹlẹ̀. Mo rántí òru ọjọ́ yẹn dáadáa. Láti nǹkan bí aago méjìlá ni béèsì ti ń rẹlẹ̀ sí etí mi. Mo rò pé áńpù ló ń rẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kó yí i sókè nìyẹn. Àṣé kóìlì ló ti gbóná tí kò lè ké mọ́, àsìkò tó yẹ kí a jẹ́ kó sinmi ni mo ní kí wọ́n tún di ẹrù kún ẹrù rẹ̀.

Ti etí kóìlì tó rún, ìtàn mìíràn ni, ṣùgbọ́n èmi náà ni mo wà nínú ẹ̀. Gìtá olókùn márùn-ún ni àbúrò ń lò. Okùn E tó wà nísàlẹ̀ gìtá olókùn mẹ́rin ń mì ní ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Okùn B tó tún wà lábẹ́ rẹ̀ ń mì ní ìgbà 31. Bí ohùn bá ṣe rẹlẹ̀ tó ni pépà sípíkà gbọ́dọ̀ rìn jìnnà tó kí etí tó gbọ́ ọ. Àpótí tiwa ní ihò níwájú, irú àpótí bẹ́ẹ̀ sì ní ibi kan tó jẹ́ pé, bí ohùn bá ti rẹlẹ̀ kọjá rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú àpótí kò ní di pépà mú mọ́, á kàn máa fò síwá sẹ́yìn bí aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Lórí gbogbo èyí, a ti yí bọ́tìnì béèsì sókè. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ń ké tó. Bí a bá fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 péré kún ìsàlẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin agbára ni a ń béèrè níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè lọ́wọ́ mi báyìí ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ dá bọ́tìnì béèsì padà sí àárín.

Mo ti gbọ́ tí àwọn olórin ń sọ pé áńpù kékeré ló ń pa sípíkà, bí ẹni pé kíkéré náà ni májèlé. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Áńpù 300 tí a kò tì kọjá ààlà kò ní jó sípíkà tó jẹ́ 400 tòótọ́. Áńpù 50 wáàtì gan-an lè wà lórí rẹ̀ di alẹ́ láìsí wàhálà. Títì ló pa á. Mo sì ní kí ẹ ṣàkíyèsí "tòótọ́" tí mo sọ yẹn, nítorí pé wáàtì tí wọ́n ń kọ sára àpótí kò rí bákan náà. RMS ni èyí tí sípíkà lè gbé títí lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní peak, èyí tó lè gbà ní ìṣẹ́jú akàn kó sì yè ni, ó sì sábà máa ń jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin RMS. Mo ti rí àpótí tí wọ́n kọ 1,200 gàdàgbà sí iwájú rẹ̀, tí 300 RMS wà lẹ́yìn rẹ̀ ní lẹ́tà tó jẹ́ pé àfi kéèyàn tẹ̀ ba kó tó lè kà á. Ẹ̀yìn ni kí ẹ máa kà.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń mú áńpù tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po kan ààbọ̀ tàbí méjì RMS sípíkà, kí orí òkè lè rí àyè láìgé. Ìmọ̀ràn gidi ni fún ẹni tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń fọwọ́ kan áńpù rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn fún ṣọ́ọ̀ṣì. Tiwa, ọwọ́ tó ń kàn án lọ́sẹ̀ kan pọ̀: ọmọ ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi, àlejò tó wá bá wa kọrin, ẹni tó kàn ń gbá ilẹ̀. Áńpù tí agbára rẹ̀ bá RMS àpótí dọ́gba ni mo fẹ́, kí gbogbo wa sì gbà pé iná pupa túmọ̀ sí "dá a padà."

Ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ jù

Kí àbúrò tó padà, wọ́n pè wá síbi ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún ìyá kan ní Ìperu-Rẹ́mọ. Èmi fúnra mi ni mo ta béèsì lọ́jọ́ náà. Bàbá ti wé kóìlì tuntun sí sípíkà wa. Ẹni tó ni àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ yẹ̀ wá wò, ó ní béèsì wa ò ní dé ìta, ó sì gbé àpótí kan wá. "Ẹ so ó mọ́ ọn, ihò méjì kúkú wà lẹ́yìn áńpù yín." Inú rere ló fi ṣe é. Mo tẹ̀ ba, mo wo ẹ̀yìn àpótí tirẹ̀: 4 óòmù.

Bí mo bá fẹ́ ṣàlàyé óòmù fún ọmọ Ìjẹ̀bú, ọjọ́ Òjúde Ọba ni mo máa ń lò. Bí èrò bá fẹ́ jáde, tí ẹnu ọ̀nà sì há, wọn yóò máa jáde díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ṣí ẹnu ọ̀nà mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn yóò ya jáde. Óòmù ni bí ẹnu ọ̀nà ṣe há tó. Nọ́ńbà tó bá tóbi, ọ̀nà há; nọ́ńbà tó bá kéré, ọ̀nà fẹ̀. Sípíkà méjì tí a so mọ́ áńpù kan náà, ẹnu ọ̀nà méjì ni. Nítorí náà, 8 àti 8 kì í di 16, 4 ni wọ́n ń dà. 4 àti 4 di 2. 8 tiwa pẹ̀lú 4 tirẹ̀, 2.67. Wọ́n sì ti kọ ọ́ sẹ́yìn áńpù wa pé kí a má ṣe so ohun tó bá kéré sí 4 mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Fóòtì ni agbára tó ń ti iná, áńpíà ni iye iná tó ń ṣàn. Ká ní áńpù kan ń ti fóòtì 40 jáde. Lórí 8 óòmù, áńpíà 5 ni yóò ṣàn, èyí sì jẹ́ 200 wáàtì. Lórí 4, áńpíà 10, 400 wáàtì. Lórí 2, áńpíà 20, 800 wáàtì. Àwọn kan máa rí 800 yẹn, inú wọn á dùn. Ṣùgbọ́n ta ló ṣe áńpù náà kí ó lè gbé áńpíà 20? Bí wọn kò bá ṣe é fún un, ooru á mú un, á pa ara rẹ̀ bó bá ní ẹ̀ṣọ́ nínú, tàbí kí àwọn tìràǹsísítọ̀ rẹ̀ jó. Ohun kejì ni pé àpótí méjèèjì kò ní pín ẹrù dọ́gba: oní-4 á gba ìlọ́po méjì èyí tí oní-8 ń gbà. 8 àti 8 ló ń pín in ní ìdajì-ìdajì.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni àwọn ẹ̀rọ náà, mo ní, "Ẹ má bínú, sà, kò ní gbà á." Kò dùn mọ́ ọn. Ó ní òun ti ń so ó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rí. Ó ṣeé ṣe. Bí èèyàn kò bá yí i sókè, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló lè lọ láìsí ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni mo ti gbọ́ òórùn yẹn. Wáyà gìtá lásán ló tilẹ̀ fẹ́ fi so ó, èyí tí kópà inú rẹ̀ tín-ín-rín, tí wọ́n ṣe fún ohùn tó ń ti gìtá bọ̀, tí wọn kò ṣe fún iná tó ń lọ sí sípíkà. Láti ìta, méjèèjì jọra bí ìbejì. Ẹ pa áńpù kí ẹ tó so tàbí kí ẹ tó tú ohunkóhun, kí ẹ sì lo wáyà sípíkà tó ki. Ẹni tó bá ń lo áńpù onígíláàsì àtijọ́, èyí tó ń lo gíláàsì bíi gílóòbù dípò tìràǹsísítọ̀, tún ní òfin tirẹ̀: kò gbọ́dọ̀ tàn án kó sì yí i sókè láìsí sípíkà lẹ́yìn rẹ̀ rárá, óòmù rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá sípíkà mu.

Agídìgbo kò ní wáàtì

Nígbà tí mo ń bọ̀ láti Ìperu, ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn mi. Kí ni mo ń wá gan-an lóru àìsùn yẹn? Mo fẹ́ kí béèsì kan àyà èèyàn. Mo rò pé wáàtì ló ń ṣe é.

Àwọn tó bí wa mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí wọ́n bí lọ́dún 1919 tó sì kú lọ́dún 1983, ní agídìgbo nínú ẹgbẹ́ àpàlà rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí ọ̀pọ̀ àwo rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ nísàlẹ̀, ó ń rìn jẹ́jẹ́, òun ni gbogbo orin náà dúró lé. Irin pẹlẹbẹ mélòó kan ni, lórí àpótí igi tó ní ihò. Ẹni tó ń ta á kò ju ìka lọ. Àpótí ló ń ké. Bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní ń mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn, n kò ronú rẹ̀ rí pé ó lè bá àpótí sípíkà wí.

Nọ́ńbà kan wà tí ọ̀pọ̀ wa kì í wò nígbà tí a bá ń ra àpótí: bó ṣe ń ké tó bí a bá fún un ní wáàtì 1, tí a sì dúró ní mítà 1 sí i. Àpótí tó bá ń mú dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 100 wá, 200 wáàtì yóò mú kó ké bí 800 wáàtì ṣe máa mú kí èyí tó ń mú 94 wá ké. Ìlọ́po mẹ́rin iná, fún ohùn kan náà. Bí mo bá sì pa 300 tì, tí mo lọ ra 600, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 péré ni mo rà. Etí á kàn gbọ́ ọ pé ó fi díẹ̀ gbéra. Kí etí tó lè sọ pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá wáàtì ni yóò gbà, 3,000. Kò sí kóìlì kan ṣoṣo nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa tó lè gbé e.

Nígbà tí Ampeg, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe áńpù, gbé áńpù béèsì tí wọ́n pè ní SVT jáde lọ́dún 1969, 300 wáàtì ni, gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Àpótí méjì ni wọ́n ṣe fún un, sípíkà 10 íńṣì mẹ́jọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́rìndínlógún lápapọ̀, nítorí pé sípíkà ìgbà yẹn kò lè dá ẹrù náà gbé. Wọ́n pín in. Èmi di gbogbo rẹ̀ ru sípíkà kan, mo sì ní kó tún gba sí i.

Ohun tí a ṣe báyìí kò ná wa ní kọ́bọ̀. A sún àpótí náà mọ́ ògiri, nítorí pé ògiri ń ran ìsàlẹ̀ ohùn lọ́wọ́. A gbé e kúrò lẹ́yìn ìlù, ó kọjú sí ibi tí onígìtá dúró sí. Mo sì dín ohùn dùùrù tèmi kù. Ọwọ́ òsì mi ti ń wà níbi tí béèsì ń gbé láti ọdún yìí wá, mo ń bò ó mọ́lẹ̀, mo sì tún ń bínú pé n kò gbọ́ ọ.

20,000 náírà

Mo lọ bá àbúrò ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tó ti ń kàwé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe, ojú sì tì mí láti nà án dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: páálí bàbá, òkè tí wọ́n gé, kóìlì. Mo ní èmi ni mo jó sípíkà yẹn, kì í ṣe òun.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀.

"Ẹ ti dáhùn kí n tó ya ẹnu."

N kò ní ohun tí mo lè fi lé ìyẹn. Ó ti rí iná náà. Ó ti béèrè. Ohun tí a ń fẹ́ kí ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ máa ṣe gan-an ni. Èmi ni mo ní kó má wò ó, nítorí pé mo jù ú lọ, mo sì mọ nọ́ńbà méjì lórí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún sọ ọ́ níwájú gbogbo akọrin. Ó ti padà sídìí gìtá rẹ̀. Mo fi máákà kọ ọ́ sẹ́yìn àpótí pé 8 óòmù, 400 wáàtì RMS, má so 4 mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, iná pupa tàn lẹ́ẹ̀kan nínú orin ìyìn. Kí n tó yíjú, ó ti dá bọ́tìnì padà.

Ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ ló kù. Mo ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n dá 20,000 náírà yẹn padà, mo sì ti kọ ìdí rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Wọ́n ní yóò di ìpàdé ọjọ́ Sátidé. Àwọn kan ti bá mi sọ ọ́ níkọ̀kọ̀ pé kí n kúkú san án láti àpò mi kí ọ̀rọ̀ tán. Mo lè san án lónìí. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo wa ni wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ojú gbogbo wa ni mo fẹ́ kí wọ́n ti fún un padà.